Ọdún Mọ́kànlélọ́gbọ̀n Tí Mo Fi Wo Adìyẹ Tí Ẹranko Bù Jẹ

Tí wọ́n bá ní kí àwọn ọmọ mi sọ iṣẹ́ tí ìyá wọn ṣe kó tó fẹ̀yìn tì, ẹ̀rín ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ rín. Èyí àgbà á ní, "Ìyá wa máa ń rán adìyẹ." Kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ọ̀rọ̀ náà nìyẹn. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi tọ́jú adìyẹ ilé tí ẹranko bá bù jẹ, láti Òde Ùgbò dé Mólútẹ̀hìn, títí dé etí òkun ní Ayétòrò. Mo ṣe é nínú ọkọ̀, mo ṣe é lórí afárá pákó, mo sì ṣe é pẹ̀lú oyún oṣù mẹ́jọ nínú. Ojú mi ló dá mi dúró, nítorí n kò rí ihò abẹ́rẹ́ mọ́. Nígbà tí mo gbọ́ pé ẹ̀yin ọ̀dọ́ ń bi ara yín léèrè iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ kọ́, mo ní kí n jókòó kọ tèmi sílẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé wọn kò kìlọ̀ fún òun. Lẹ́yìn adìyẹ wíwò, ìkìlọ̀ ni iṣẹ́ tí mo mọ̀ jù. Ẹ bi àwọn ọmọ mi.

Ẹni tí kò gbé orí omi rí lè rò pé adìyẹ kò sí lọ́dọ̀ wa. Ó wà. Orí òpó ni ilé wa dúró sí, adìyẹ sì ń bá wa gbé lórí pákó, ó ń jẹ orí edé àti èérún pùpurù, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ wa. Àṣá ń ti òkè wá bá a. Ẹ̀tà ń gba orí igi etí omi wá. Èyí tó burú jù ni awọ́nríwọ́n, ẹranko tó dà bí alángbá ṣùgbọ́n tó gùn tó ọmọ ọdún mẹ́wàá. Ọ̀sán gangan ló máa ń yọ láti inú omi, á gun òpó ilé bí ẹni gun àkàsọ̀, á sì gba àlàfo àárín pákó méjì wọ ilé adìyẹ.

Síbẹ̀, kì í ṣe awọ́nríwọ́n ni olórí ọ̀tá mi. Ìkòkò ọbẹ̀ ni. A kì í jẹ òkúǹbete, ẹran tí a kò dú, lọ́dọ̀ wa, nítorí náà bí ẹranko bá ti fi eyín kan adìyẹ, kíá ni onílé á ti sáré gbé ọ̀bẹ, kí ó dú u kó tó kú fúnra rẹ̀. Kí n tó dé ibẹ̀, wọ́n á ti gbé omi kaná fún ìyẹ́ fífà.

Ọ̀gá mi, Bàbá Ọmọ́tẹ̀hìnwá ti Òde Ùgbò, ní òfin kan fún èyí. Kó tó fọwọ́ kan adìyẹ kankan, á na ọwọ́ sí onílé, á ní, "Ẹ gbé ọ̀bẹ wá." Ọ̀bẹ náà á bá a lọ sílé, ọjọ́ keje ni onílé á tó rí i gbà. Ilé tó bá ní ọ̀bẹ méjì, á gba méjèèjì. Mo rántí obìnrin kan tó fi eyín gé àlùbọ́sà fún odidi ọ̀sẹ̀ kan nítorí àgbébọ̀ rẹ̀. Ọ̀bẹ tó wà nílé ọ̀gá mi nígbà náà ju ṣíbí rẹ̀ lọ.

Bí mo ṣe dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kò gùn. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé-ìwé girama, bàbá mi tó ń hun àwọ̀n kò rí owó rán mi síwájú sí i, Bàbá Ọmọ́tẹ̀hìnwá sì ń wá ẹni tó mọ̀wé tí yóò máa kọ nǹkan sílẹ̀ fún òun. Ohun tí mo rò ni pé ìwé ni mo fẹ́ lọ máa kọ.

Fún oṣù mẹ́fà, kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan egbò. Mímú adìyẹ ni mo kọ́. Kí apá rẹ̀ méjèèjì wà lábẹ́ apá òsì mi, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ wà láàárín ìka mi mẹ́ta, kí n má sì fún àyà rẹ̀ rárá, nítorí gbígbé àyà sókè sódò ni adìyẹ fi ń mí. Ẹni tó bá rọra fún un lọ́rùn, adìyẹ náà lè yè; ẹni tó bá fún un láyà ti pa á. Bí ìyẹ́ bá bọ́ sílẹ̀ nígbà tí mo mú un, ọ̀gá mi á kà á. Ìyẹ́ kan kò sí wàhálà. Ìyẹ́ méjì, á wò mí. Ìyẹ́ mẹ́ta, èmi ni màá gbọn omi òjò kún àgbá lọ́jọ́ náà.

Lẹ́yìn náà ló kan ìbéèrè. Kò ní bi mí ní ohun tí mo fẹ́ ṣe, ohun tí mo rí ló máa ń bi mí. Mo ní mo rí ẹ̀jẹ̀.

"Ẹ̀jẹ̀ níbo? Ó ń ṣàn àbí ó ti dì? Ó pupa àbí ó dúdú? Ìwọ ọmọbìnrin yìí, ṣé ìran lo wá wò ni?"

Adìyẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀. Òwe yìí ni ọ̀gá mi fi ṣiṣẹ́. Egbò tí ẹ rí lókè ìyẹ́ kì í ṣe egbò. Ẹ gé ìyẹ́ kúrò yí i ká, kí ẹ tó mọ ibi tí eyín dé. Gígé ni o, kì í ṣe fífà, nítorí fífà á ya awọ sí i. Kí ẹ tó gé e, ẹ da apẹ̀rẹ̀ bo adìyẹ náà, kí ẹ fi aṣọ bo apẹ̀rẹ̀, kí ó wà nínú òkùnkùn fún bí ìlàjì wákàtí kí àyà rẹ̀ tó balẹ̀. Omi òjò tí ẹ ti sè tí ó sì ti tutù ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́, kì í ṣe omi odò. Ìgò ọtí bíà ńlá kan ni ìwọ̀n omi, ṣíbí tíì kan ni ìwọ̀n iyọ̀, kí ẹ fi ìka gé orí iyọ̀ náà kó tẹ́jú. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ fi oyin kùn ún, kí ẹ dá a gbé síbi tí eṣinṣin kò lè dé. Ẹ má dá a padà sáàárín àwọn yòókù o. Bí adìyẹ bá rí ẹ̀jẹ̀ lára ẹ̀gbọ́n rẹ̀, sísọ ni yóò máa sọ ọ́ títí yóò fi kú.

Èyí tó kẹ́yìn nínú ẹ̀kọ́ rẹ̀ ni pé egbò eyín kì í ṣe ohun à ń dì pa. Ìdọ̀tí ẹnu ẹranko wà nínú rẹ̀. Bó bá tilẹ̀ di dandan kí a rán an, a gbọ́dọ̀ fi ẹnu kékeré sílẹ̀ nísàlẹ̀, kí omi egbò rí ọ̀nà jáde. Mo gbọ́ ọ. Mo tilẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé.

Ní ọdún kẹrin mi, ọ̀gá mi lọ sí Ayétòrò fún ìsìnkú ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ọjọ́ kejì tó lọ ni awọ́nríwọ́n wọ ilé adìyẹ Ìyá Ẹ̀bùn ní abúlé wa, tí kò jìnnà sí Mólútẹ̀hìn. Ó pa mẹ́ta, ó sì ya mẹ́fà lára. Ìyá Ẹ̀bùn ni olórí àwọn obìnrin tó ń yan ẹja. Ibi ìyanja rẹ̀ ni gbogbo wa ń gbé ẹja lọ, ohun tó bá sì sọ níbẹ̀ láàárọ̀ ni abúlé á máa sọ tó bá di ìrọ̀lẹ́. Mo gba ọ̀bẹ rẹ̀. Mo fọ adìyẹ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Nígbà tí mo gbé abẹ́rẹ́, mo wo egbò tó là gbayawu, ohun tí ojú mi rí ni àwọ̀n tó ya.

Ẹ rántí pé ọmọ ahunwọ̀n ni mí. Láti ọmọ ọdún méje ni mo ti ń bá bàbá mi tún àwọ̀n ṣe, ọwọ́ mi sì yá débi pé mo lè ta kókó náà kí n dijú. Kókó àwọ̀n dára púpọ̀: bí ẹja bá ṣe ń fà á tó, bẹ́ẹ̀ ló ń le sí i. Mo fi òwú ọ̀rá ta kókó yẹn sára adìyẹ Ìyá Ẹ̀bùn, mọ́kànlá, méjìlá lára ọ̀kọ̀ọ̀kan. N kò fi ihò kankan sílẹ̀. Inú mi dùn. Àwọn obìnrin wá wò ó, wọ́n ní àfi bí ẹni pé ẹranko kò fọwọ́ kàn wọ́n rí.

Ní ọjọ́ kẹta, ara wọn wú. Bí ara ṣe ń wú, bẹ́ẹ̀ ló ń fa kókó. Bí ó ṣe ń fa kókó, bẹ́ẹ̀ ni kókó ń le, tí ó ń fún ẹran ara pa, tí ìdọ̀tí inú egbò kò sì rí ọ̀nà jáde. Ní ọjọ́ karùn-ún, márùn-ún ti kú nínú mẹ́fà, wọ́n sì ń rùn tó bẹ́ẹ̀ tí ajá kò sún mọ́ wọn.

Ìyá Ẹ̀bùn kò pariwo. Ìbá sàn kí ó pariwo. Ó ní, "O gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ mi, adìyẹ kú mọ́ mi lọ́wọ́, n kò sì rí ọbẹ̀ sè. Má tún gun àkàsọ̀ ilé mi mọ́." Kó tó di ìrọ̀lẹ́, orúkọ mi ti di Ìyá Aláwọ̀n, bẹ́ẹ̀ n kò tíì lọ́kọ.

Nígbà tí ọ̀gá mi dé, ó fi abẹ la ọ̀kan nínú àwọn òkú náà níwájú mi. Ó gé kókó kan kúrò, ó gbé e sí àtẹ́lẹwọ́ mi. Ó ní, "Àwọ̀n la fi ń pa ẹja. O fi kókó àwọ̀n rán adìyẹ. Kí lo ń retí?"

Ìjìyà mi wá yàtọ̀. Ó fún mi ní àkísà àti ẹ̀wà gbígbẹ. Kí n rán àkísà bí àpò kékeré, kí n di ẹ̀wà sínú rẹ̀, kí n rán ẹnu rẹ̀, kí n sọ ọ́ sínú omi títí di ọjọ́ kejì. Ẹ̀wà á wú. Bí mo bá rán an le jù, àkísà á ya tàbí kí òwú wọnú aṣọ. Bí mo bá rán an dẹ̀ jù, ẹ̀wà á dà sílẹ̀. Ó di dandan kí n mọ bí ohun tí n kò tíì rí ṣe máa wú tó, kí n sì fi àyè sílẹ̀ fún un. Oṣù mẹ́ta gbáko ni mo fi rán ẹ̀wà, ẹ̀wà náà la sì ń jẹ. Títí di òní, ọkọ mi kì í bi mí ìdí tí n kò fi fẹ́ràn ẹ̀wà.

Nígbà tí ó tó àkókò kí n gba fíríìdọ̀mù, ìyẹn àṣẹ láti dá iṣẹ́ ṣe, ọ̀gá mi ní kò tíì yá. Ó ní, "Ọjọ́ tí Ìyá Ẹ̀bùn bá fi ẹnu ara rẹ̀ ní kí wọ́n lọ pè ọ́, ọjọ́ yẹn ni mo fún ọ ní fíríìdọ̀mù. Bí n kò bá sí láyé, o ti gbà á náà nìyẹn." Mo rò pé kò ní ju ọdún kan lọ. Mo ṣègbéyàwó, mo bí ọmọ mẹ́ta, mo ń tẹ̀lé ọ̀gá mi kiri gẹ́gẹ́ bí ọmọṣẹ́, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni nínú abúlé mi kò pe èmi nìkan. Bí Ìyá Ẹ̀bùn bá ti ní rárá, abúlé ti ní rárá.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyẹn nígbà tí ìjà bẹ́ sílẹ̀ lórí omi, láàárín àwa àti ẹ̀yà kejì tí a jọ ń pẹja. N kò ní sọ púpọ̀ nípa rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú yín ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn òbí yín. A kó sínú ọkọ̀, a sá lọ sí Ìgbókòdá. Mo so ọmọ mi kékeré mọ́ ìbàdí mi, mo sì ń ka àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ bá yí kọ́nà. Èyí àgbà ní, "Màámi, mẹ́ta ṣì ni wá." Mo kà wọ́n sí i.

Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, a padà sílé. Ìdajì ilé ti jóná, òpó wọn nìkan ló dúró nínú omi. Ohun tó kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù ni pé àkùkọ kankan kò kọ. Adìyẹ kan ṣoṣo ló kù ní gbogbo abúlé, àgbébọ̀ kan tí ìyẹ́ rẹ̀ kò pọ̀, irú èyí tí à ń pè ní ọ̀pìpì. Ìyá Ẹ̀bùn ló ni ín. Ó ti fi akàn kéékèèké gbé ẹ̀mí ró lórí pákó ilé tó jóná. Àwọn ènìyàn ń wá kí i bí ẹni kí ìyá ọlọ́mọ tuntun. Ẹnìkan ra àkùkọ bọ̀ láti Ìgbókòdá, gbogbo abúlé sì ń retí ẹyin, nítorí ẹyin ọ̀pìpì yẹn ni adìyẹ gbogbo wa.

Kò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ tí awọ́nríwọ́n fi mú un. Ọ̀sán gangan ni. Ìyá Ẹ̀bùn fúnra rẹ̀ ló fi àjẹ̀ ọkọ̀ lù ú títí ó fi tú u sílẹ̀. Awọ ẹ̀yìn adìyẹ náà ti bó, àpò tó wà nídìí ọrùn rẹ̀, tí adìyẹ máa ń kó oúnjẹ sí, sì ti ya, edé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ ń dà jáde. Ọkọ rẹ̀, Bàbá Ẹ̀bùn, ti gbé ọ̀bẹ. Wọ́n ní kí wọ́n pe ọ̀gá mi, ṣùgbọ́n kò sí ọkọ̀ tó gbà láti gba ọ̀nà Òde Ùgbò lásìkò yẹn. Àwọn aládùúgbò ní Ìyá Aláwọ̀n nìkan ló wà nílé.

Ìyá Ẹ̀bùn kọ́ ló ní kí wọ́n pè mí. Ọkọ rẹ̀ ló sọ̀rọ̀: "Ẹ jẹ́ kó wá. A ti gbọ́n lọ́tẹ̀ yìí, ọ̀bẹ kò ní kúrò lọ́wọ́ mi."

Nígbà tí mo dé ibẹ̀, mo wo ọ̀bẹ náà, mo wo adìyẹ, n kò sì na ọwọ́ bí ọ̀gá mi ṣe kọ́ mi. Mo ní, "Bàbá, ẹ di ọ̀bẹ yín mú. Ẹ jókòó síbi tí ẹ ti lè rí ọwọ́ mi. Bí ohun tí ẹ rí kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ dú u."

Mo bo adìyẹ mọ́lẹ̀, mo se abẹ́rẹ́ àti òwú ìránṣọ tó tẹ́ẹ́rẹ́. Mo gé ìyẹ́, mo fọ egbò. Egbò ẹ̀yìn kò ní kí n rán an, oyin ti tó o. Ti àpò oúnjẹ yìí ni kò ṣe é fi sílẹ̀: bí n kò bá rán an, ohun tó bá jẹ á máa dà síta, ebi á sì pa á kú. Bí mo ṣe gbé abẹ́rẹ́ sókè ni Ìyá Ẹ̀bùn di ọrùn ọwọ́ mi mú.

"Abẹ́rẹ́ ọjọ́sí náà nìyí?"

"Abẹ́rẹ́ ni, Màmá. Ṣùgbọ́n kì í ṣe kókó ọjọ́sí."

"Máa wí í sókè bí o bá ti ń ṣe é."

Mo ń wí, mo ń rán. Mo rán àpò inú lọ́tọ̀, ojú abẹ́rẹ́ méje, mo ní, "Èyí kò le, Màmá, ó kan fẹnu kanra ni." Mo rán awọ òde lọ́tọ̀, ojú mẹ́rin péré, kókó kọ̀ọ̀kan dá dúró kí ọ̀kan má baà fa èkejì. Mo fi ihò tó tó hóró àgbàdo kan sílẹ̀ nísàlẹ̀. Ó bi mí pé kí ni mo fi ihò sílẹ̀ fún. Mo ní fún ohun tí n kò fi àyè sílẹ̀ fún nígbà yẹn. Ó tú ọwọ́ mi sílẹ̀.

Mo kó àwọn ọmọ mi, mo wá gbé ilé wọn fún ọjọ́ méje. Mo fi okùn so èyí kékeré mọ́ òpó kó má baà já sómi, mo sì ń fi ṣíbí kán ògì tó ṣàn sí adìyẹ lẹ́nu, ṣíbí kan láàárọ̀, ṣíbí kan lọ́sàn-án. Ní ọjọ́ kẹta, ọrùn rẹ̀ wú. Ọjọ́ kẹta náà ni tọjọ́sí. Bàbá Ẹ̀bùn wá jókòó tòun ti ọ̀bẹ. Mo wo ojú abẹ́rẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin: àyè ṣì wà lábẹ́ òwú, awọ kò sì dúdú. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó di ọ̀la. Ní ọjọ́ kẹrin, omi egbò gba ihò náà jáde, wíwú náà sì lọ sílẹ̀. Ní ọjọ́ keje, ọ̀pìpì fò kúrò lórí itan mi, ó sì sọ ọmọ mi kékeré lẹ́sẹ̀. Bàbá Ẹ̀bùn fi ọ̀bẹ bó iṣu. Kó tó pé oṣù méjì, ó yé, ó sì pa ọmọ mẹ́jọ.

Ìyá Ẹ̀bùn di ẹja yíyan fún mi, ó ní kí n kí ọkọ mi. Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn ará abúlé ti rí ohun tó ṣẹlẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí pè mí, ṣùgbọ́n òun kò jẹ́ pè mí, kò sì jẹ́ sọ pé kí ẹnikẹ́ni pè mí. Bí adìyẹ rẹ̀ bá fara pa, ọmọ rẹ̀ ló ń rán sí ọ̀gá mi. Adìyẹ bà lókùn, ara kò rọ okùn, ara kò rọ adìyẹ: bí àwa méjèèjì ṣe rí nìyẹn fún ọdún mẹ́wàá. Ọ̀gá mi dàgbà, ó sì kú láìfún mi ní fíríìdọ̀mù; ẹnu Ìyá Ẹ̀bùn ló fi í sí. Mo sunkún rẹ̀ bí ọmọ. Lórúkọ, ọmọṣẹ́ ni mo ṣì jẹ́, ẹni tó ti ń kọ́ ọmọṣẹ́ méjì.

Irinṣẹ́ yí padà lójú mi. Àjẹ̀ di ẹ́ńjìnnì, ìrìn ọjọ́ kan di wákàtí kan. Ìbọ̀wọ́ rọ́bà dé, oògùn tí wọ́n ń fọ́n sí egbò dé. Fóònù tún dé, àwọn ènìyàn ń ya àwòrán egbò ránṣẹ́ sí mi, mo sì ń bi wọ́n bí ọ̀gá mi ṣe ń bi mí: ṣé ó ń ṣàn àbí ó ti dì? Gbogbo rẹ̀ ló dára. Ṣùgbọ́n iyọ̀, òkùnkùn apẹ̀rẹ̀ àti sùúrù, n kò tíì rí ohun tó lé wọn kúrò. Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ kọ́ iṣẹ́ yìí, ẹ kọ́kọ́ kọ́ lílúwẹ̀ẹ́, ẹ má wọ ọkọ̀ láìwọ ẹ̀wù ìléfòó, kí ẹ sì jẹ́ kí ìyá yín mọ abúlé tí ẹ wà. Iṣẹ́ náà kò lówó bí iṣẹ́ epo, ṣùgbọ́n inú yín á dùn nígbà púpọ̀.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, mo wa ọkọ̀ lọ ra edé ní apá kejì abúlé wa, mo sì ń so ọkọ̀ mi mọ́ òpó lábẹ́ ilé Ìyá Ẹ̀bùn. Ó ti darúgbó gan-an. Mo gbọ́ ohùn àjèjì lókè, ìyàwó tíṣà kan tí wọ́n gbé wá láti Ìbàdàn. Ajá ti ya àgbébọ̀ rẹ̀, ó sì fẹ́ mọ̀ bóyá kó kúkú dú u. Ó ní àwọn kan júwe Ìyá Aláwọ̀n fún òun, àmọ́ òun gbọ́ pé ó ti pa adìyẹ ẹnìkan rí.

Mo di òpó náà mú.

Ìyá Ẹ̀bùn ní, "Márùn-ún ló pa. Tèmi ni." Lẹ́yìn náà ó ní, "Gbogbo àṣìṣe tó wà nínú iṣẹ́ yẹn, ara adìyẹ tèmi ló ti ṣe é tán. Kò ku èyí tí yóò ṣe sára tìrẹ. Lọ pè é."

N kò ra edé mọ́. Mo rọra tú okùn ọkọ̀ kí wọ́n má gbọ́, n kò tan ẹ́ńjìnnì, mo fi àjẹ̀ wà á títí mo fi jìnnà sí ilé náà. Mo délé, mo gbé omi òjò kaná fún egbò fífọ̀, mo sì jókòó sẹ́nu ọ̀nà, mo ń retí ẹni tó máa wá pè mí.